Airbag ọkọ̀ tòkúnbọ̀ kò ṣí nígbà ìjàǹbá: ta ni ká pè lẹ́jọ́?

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin ń bọ̀ láti Ṣàgámù, ó sì lọ fi imú ọkọ̀ rẹ̀ sọ ìdí tírélà kan tó dúró sójú ọ̀nà ní Odógunyán. Ó de bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wú jáde láti gba èèyàn dúró, kò ṣí rárá. Sítíárìn gbá a láyà, egungun ìhà rẹ̀ méjì sì ṣẹ́. Kò tíì pé oṣù márùn-ún tó ra tòkúnbọ̀ náà lọ́wọ́ oníṣòwò kan níbí ní Ìkòròdú, ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọkọ̀ náà kò ní ìjàǹbá rí. Ṣé a lè pe ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà lẹ́jọ́?

Mẹkáníìkì Ágíríkì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á wò ó sàn. Pé airbag kò ṣí nìkan kò fi hàn pé ó ní àbùkù, nítorí bí imú ọkọ̀ bá wọ abẹ́ tírélà, ohun tó yẹ kó mọ ìgbà tí ọkọ̀ dúró lójijì lè má tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ bi àbúrò yín bóyá iná airbag máa ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó bá yí kọ́kọ́rọ́, kó tó kú. Bí kò bá tàn rí, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Mo ti ṣí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n rà ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà: airbag wọn ti bẹ́ lọ́hùn-ún, àkísà àti gọ́ọ̀mù la máa ń bá lábẹ́ ìdérí sítíárìn.

Agbẹjọ́rò Ẹ̀búté: Ibi tí ọ̀gá wa fọwọ́ bà yìí ni ẹjọ́ náà wà. Àbùkù tó bá ọkọ̀ kúrò nílé iṣẹ́ ni ẹni tó ṣe é máa ń dáhùn fún. Kì í ṣe pé wọ́n máa ń tètè bọ́ o: ní ọdún 1968, nínú ẹjọ́ Larsen àti General Motors, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà kan sọ pé, níwọ̀n bí ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ ti mọ̀ pé ọkọ̀ máa ń forí sọ nǹkan, ó gbọ́dọ̀ ṣe é lọ́nà tí kò ní dá kún ìpalára ẹni tó wà nínú rẹ̀. Takata, ilé iṣẹ́ Japan kan tó ṣe airbag fún àwọn ọkọ̀, tí ooru àti ọ̀rinrin máa ń ba ẹ̀tù inú airbag tirẹ̀ jẹ́ títí irin á fi fò sára èèyàn, gbà ní ọdún 2017 pé òun jẹ̀bi jìbìtì, ó sì gbà láti san bílíọ̀nù kan dọ́là. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àkísà lẹ bá nínú sítíárìn, ẹni tó tà á ni kẹ́ ẹ kọjú sí: abala 136 òfin FCCPA ti ọdún 2018, òfin tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà, sọ pé ẹni tó bá kó ọjà alábùkù fún èèyàn ló máa dáhùn fún ìpalára rẹ̀. Ẹ wá risíìtì, ẹ fi nọ́ńbà ṣáásì wá ìtàn ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan kan.

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ ṣé gan-an ni. Àbúrò mi ní òun kò rí iná náà kó tàn láti ọjọ́ tí òun ti rà á. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà ti wà nídìí ọkọ̀ ọ̀hún láti àárọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é tán pé kó gbé òòlù sílẹ̀.