Bí a ṣe lè ya máàpù ikọ́ ife láìtú àṣírí aláìsàn

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìlọrin:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Mo fẹ́ fi àkọsílẹ̀ àwọn tó gba ìtọ́jú ikọ́ ife ya máàpù tí yóò fi ibi tí àìsàn náà ti pọ̀ jù hàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn, láti Àjàṣẹ́-Ìpo dé Òmù-Àrán. Mo ti yọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà káàdì kúrò, ṣùgbọ́n mo fi ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti agboolé sílẹ̀, nítorí pé láìsí agboolé, n kò mọ ibi tí mo lè fi àmì sí. Ǹjẹ́ èyí tó láti bo àṣírí wọn?

Olùtọ́jú fáìlì aláìsàn:
Kò tó rárá. Lọ́dọ̀ tiwa, agboolé kì í ṣe àdírẹ́sì lásán, orúkọ ìdílé ni. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé obìnrin aránṣọ, ẹni ọdún 47, láti ilé báyìí, àwọn ará ọjà yóò ti dárúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó kà á tán. Latanya Sweeney, onímọ̀ nípa ààbò àṣírí dátà ní Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ láti inú ìkànìyàn 1990 pé ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò, àti bóyá ènìyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, tó láti dá ìdá 87 nínú 100 àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀. Mélòó-mélòó wá ni abúlé tí gbogbo wọn jọ ń pọnmi nínú kànga kan!

Ọmọ Òrò:
Ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò ìyá mi. Wọ́n lẹ irú máàpù bẹ́ẹ̀ mọ́ ògiri níbi ìpàdé kan. Kò sí orúkọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àmì kan ṣoṣo ló wà ní abúlé wa. Ó ti lo oògùn oṣù 6 rẹ̀ parí, ara rẹ̀ sì ti yá, síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò ra wàrà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí rẹ̀.

Oníṣirò ìwádìí:
Àwọn tó ń ṣe Demographic and Health Survey, ìyẹn ìwádìí ìlera tí wọ́n ń ṣe láti ilé dé ilé, ní Nàìjíríà kì í gbé ojúlówó ibi tí wọ́n dé síta. Wọn a sún àmì agbègbè kọ̀ọ̀kan kúrò ní ààyè rẹ̀, láìkọjá kìlómítà 2 ní ìgboro, tó sì lè tó 5 ní ìgbèríko. Ṣùgbọ́n àìsàn tí ènìyàn ń fi pamọ́ ló wà lọ́wọ́ yín, nítorí náà n kò ní dábàá pé kí ẹ lo àmì rárá. Ẹ ka iye aláìsàn ní wọ́ọ̀dù ìdìbò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yọ iṣẹ́ kúrò, kí ẹ to ọjọ́ orí ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ sì da wọ́ọ̀dù tí aláìsàn ibẹ̀ kò bá tó 5 pọ̀ mọ́ èyí tó bá a pààlà. Ìwé tó so nọ́ńbà tí ẹ fi rọ́pò orúkọ aláìsàn nínú ìwádìí mọ́ orúkọ rẹ̀ gan-an, ilé ìwòsàn ni kó wà. Kò gbọdọ̀ wọ kọ̀ǹpútà yín. Òfin ààbò dátà ti 2023 ka ipò ìlera mọ́ ohun ẹlẹgẹ́, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 náà sì pàṣẹ pé kí a pa ọ̀rọ̀ aláìsàn mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìlọrin:
Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ sì bá mi kí màmá náà. Mo ti pa agboolé àti iṣẹ́ rẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, n óò padà lọ bá ìgbìmọ̀ tó fún mi láyè, nítorí pé agboolé wà nínú ohun tí mo tọrọ lọ́wọ́ wọn.