Ìṣesí àbá ni kí a pè é: lórí "caveat", "fiat" àti "kí" tiwa

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Láti ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wa ti béèrè orúkọ tí a lè fún ìṣesí ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú "caveat emptor" ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ. N kò tètè fèsì, torí mo fẹ́ kọ́kọ́ rò ó re. Ìbéèrè náà kò ti inú ìwé wá, ara ògiri ló ti wá. Ẹ mọ ògiri tí mò ń wí: ilé tí àwọn mọ̀lẹ́bí ń jà lé lórí ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí i lára pé ilé yìí kì í ṣe títà, tí wọ́n wá kọ CAVEAT EMPTOR gàdàgbà sísàlẹ̀. Ẹni tó béèrè ní òun mọ̀ pé "kí olùrà ṣọ́ra" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni irú ìṣesí tí "caveat" jẹ́, ìyẹn bóyá ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń ròyìn ni, ó ń pàṣẹ ni, àbí nǹkan mìíràn ló ń ṣe, àti ohun tí a ó máa pe ìṣesí náà bí a bá ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní Látìnì.

Èsì mẹ́rin ló ti jáde. Ẹnìkan ní ká pè é ní ìṣesí àìdánilójú, ẹlòmíràn ní ìṣesí ìrètí. Ẹ̀kẹta, tí mo mọ̀ pé iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe, mú ìṣesí afarahẹ wá. Ẹ̀kẹrin ní ká kúkú kọ orúkọ tí òyìnbó ń pè é, ìyẹn "subjunctive", ní àkọtọ́ Yorùbá, kí kálukú máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀ lórí ti ìkẹrin yìí: ọmọ tí orúkọ náà kò yé lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò ní yé e nítorí pé a fi àmì ohùn sí i.

Èmi rò pé ìṣesí àbá ló yẹ ká pè é, mo sì rò pé èdè wa fúnra rẹ̀ ló fi orúkọ náà lé wa lọ́wọ́. Ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ tó bá mi jà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá rẹ̀, torí àwọn kan nínú wa kò kọ́ Látìnì rí. "Amat" ni "ó fẹ́ràn". Yí fáwẹ̀lì kan ṣoṣo padà, ó di "amet", "kí ó fẹ́ràn". "Regit" ni "ó ń ṣàkóso", "regat" ni "kí ó ṣàkóso". "Audit" ni "ó ń gbọ́", "audiat" ni "kí ó gbọ́". "Cavet" ni "ó ń ṣọ́ra", òun ló di "caveat" ara ògiri yẹn. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ẹgbẹ́ kìíní, tí "a" jẹ́ tiwọn látilẹ̀, ló ń gba "e". Ẹgbẹ́ yòókù ń gba "a". Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé fáwẹ̀lì kan kéré láti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni àwa fi ń ya ọkọ ìyàwó sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ tí à ń wọ̀.

Ti àsìkò tó kọjá kò le: mú "amare", ìyẹn "láti fẹ́ràn", fi ìparí tó ń tọ́ka ẹni sí i, ó di "amarem, amares, amaret". Àwọn méjì tó kù ni "amaverim" àti "amavissem", ara ẹ̀yà ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń fi hàn pé nǹkan ti parí ni wọ́n ti ń yọ wọ́n. Mẹ́rin péré ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ti ọjọ́ iwájú rárá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo àwọn orúkọ tí ẹ mú wá. Ìṣesí àìdánilójú kọ́kọ́ wù mí, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi náà. Ṣùgbọ́n Látìnì kò gbà. "Tam fessus erat ut dormiret": ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó sùn. Ọkùnrin náà sùn, kò sí iyèméjì níbẹ̀, síbẹ̀ "dormiret" wà nínú ìṣesí yìí. "Scio quis sis": mo mọ ẹni tí o jẹ́. Mo mọ̀ ọ́n o! Síbẹ̀, "sis" ni Látìnì ń lò, kì í ṣe "es".

Ti ìṣesí ìrètí, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe àkọlé ilé-ẹ̀kọ́ King's College ní Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1909: "Spero lucem", mo ń retí ìmọ́lẹ̀. Ìrètí ni gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ "spero" kò sí nínú ìṣesí tí à ń wí. Ẹni tó sọ ọ́ ń ròyìn ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni: ìrètí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ "Fiat lux" inú Jẹ́nẹ́sísì, "Kí ìmọ́lẹ̀ kí ó wà". Ìmọ́lẹ̀ kan náà, ìṣesí méjì. Èkíní ń sọ bí nǹkan ṣe rí, èkejì ń gbé nǹkan kalẹ̀ kí ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ìṣesí afarahẹ ló sún mọ́ orúkọ tí Látìnì fúnra rẹ̀ ń jẹ́ jù lọ. "Subiunctivus" ni ohun tí a so mọ́ abẹ́ òmíràn: "sub" ni abẹ́, "iungere" ni kí a so nǹkan pọ̀. Awẹ́ gbólóhùn afarahẹ, ìyẹn èyí tí kò lè dá dúró láìsí olórí awẹ́ gbólóhùn, sì ti wà nínú gírámà wa tipẹ́. Mo kí ẹni tó mú un wá, iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Àmọ́ kí ni "Fiat lux" fara hẹ? Kò sí olórí awẹ́ gbólóhùn kankan tó rọ̀ mọ́. Ó dá dúró gedegbe. "Requiescat in pace" náà nìyẹn, "kí ó sinmi ní àlàáfíà", tí a ń gé kúrú sí R.I.P. lára ibojì àti lórí ìwé ìkéde òkú. Òun náà dá dúró.

Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé àwọn ará Róòmù gan-an kò fi orúkọ kan ṣoṣo pè é. Donatus, olùkọ́ gírámà ní Róòmù ní sẹ́ńtúrì kẹrin, pín in sí méjì. Ó ní "utinam legerem", ì bá ṣe pé mò ń kàwé, jẹ́ "optativus", tí ìfẹ́-ọkàn wà nínú rẹ̀. "Cum legam", nígbà tí mo bá ń kàwé, ní tirẹ̀ jẹ́ "coniunctivus", tí a so pọ̀ mọ́ òmíràn. Bẹ́ẹ̀, ìrísí kan náà ni Látìnì ní fún méjèèjì. Gíríìkì ló ní ìrísí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn, ni àwọn ará Róòmù bá kó orúkọ méjì wálé fún ọmọ kan ṣoṣo. Donatus yìí kan náà ló kọ́ Jerome ní gírámà, Jerome tó tú Bíbélì sí Látìnì, tí "Fiat lux" wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń jiyàn lórí orúkọ rẹ̀ lónìí, a kọ́ ni a bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti là sí mi. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn tó fẹ́ di àlùfáà ni mo ti kọ́ Látìnì. Olùkọ́ wa kọ "timeo ne cadat" sójú pátákó, ó ní ká túmọ̀ rẹ̀. "Ne" ń ṣe ìyísódì, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bá kọ ọ́ pé ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní ṣubú. Olùkọ́ fagi lé e. Ó ní "ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa ṣubú" ni. Ó ṣàlàyé lédè Gẹ̀ẹ́sì títí, kò wọ̀ mí létí. Níbo ni ìyísódì náà wọlé sí?

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo wà níwájú ilé, ìyá mi àgbà ń ṣa ẹ̀gúsí nínú àtẹ. Àbúrò mi kan ti gun igi agbálùmọ̀ dé ibi tí ẹ̀ka ti tín-ín-rín. Màmá gbójú sókè, wọ́n ní, "Ẹ̀rù ń bà mí kí ọmọ yìí má lọ já bọ́ o!" Mo dìde dúró. "Má" wà níbẹ̀. Màmá kò sì sọ pé ọmọ náà kò ní já bọ́, pé ó máa já bọ́ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. "Timeo ne cadat" gẹ́lẹ́, láti ẹnu obìnrin tí kò gbọ́ Látìnì rí láyé rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Cave ne cadas", ṣọ́ra kí o má baà ṣubú. "Venio ut te videam", mo ń bọ̀ kí n lè rí ọ. "Rogo ut veniat", mo bẹ̀ ẹ́ kó wá. "Quid faciam?" Kí ni kí n ṣe? Nínú ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Gálátíà, níbi tí Látìnì ti ní "ne forte sine causa laboraverim", "kí ó má baà ṣe pé lásán ni" ló wà nínú Bíbélì tiwa. Àní "habeas corpus" tí àwọn lọ́yà ń tọ ilé-ẹjọ́ lọ fún, "kí o ní ara ẹni náà" ni "habeas" ń wí, ìyẹn ni pé kí ẹni tó ti èèyàn mọ́lé gbé e jáde síwájú adájọ́.

Ẹ padà wá síbi tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Látìnì kò ní ìrísí ọjọ́ iwájú nínú ìṣesí yìí. Ta ni nínú wa tó lè sọ pé "kí ó yóò lọ"? Ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní sọ ọ́. "Kí" ti kọjú síwájú tẹ́lẹ̀, kò nílò "yóò". Lọ́nà kejì, ìyísódì. Látìnì ń lo "non" fún ìròyìn, ó sì ń lo "ne" níhìn-ín. Àwa ń lo "kò" fún ìròyìn, "má" la sì ń lò lẹ́yìn "kí": kí ó má lọ, kì í ṣe "kí ó kò lọ".

Ibi ìyísódì yìí ni mo ti rí ìdáhùn sí ohun tó ń da àwọn alátakò láàmú, ìyẹn "dormiret" tó sùn lóòótọ́. Bí a bá yí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sódì, Látìnì kì í lo "ne" níbẹ̀ mọ́, "non" ló ń lò: "tam fessus erat ut dormire non posset". Kí ni àwa ń sọ? Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè sùn. "Pé" pẹ̀lú "kò", kì í ṣe "kí" pẹ̀lú "má"! "Cum non venisset" náà, nígbà tí kò wá. Èyí fi hàn pé ọkàn ìṣesí yìí wà níbi tí "ne" àti "má" ti pàdé. Ibi yòókù, ìrísí rẹ̀ nìkan ni Látìnì yá lò fún awẹ́ gbólóhùn tó fara hẹ. Ọkàn rẹ̀ ni mo fẹ́ ká sọ lórúkọ. Kò burú bí orúkọ kò bá ká gbogbo ẹ̀ka. Ṣebí ọ̀rọ̀-ìṣe là ń pe "ga" àti "tutù", kí sì ni ẹni tó ga ń ṣe?

Kí ló dé tó fi jẹ́ àbá? Torí pé bí a bá dábàá, "kí" ló ń tẹ̀ lé e: mo dá a lábàá pé kí a sún ìpàdé síwájú. Bí a bá ròyìn, "pé" nìkan ti tó: ìròyìn kàn pé ọba ti wàjà. Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín "ó sọ pé ó lọ" àti "ó sọ pé kí ó lọ". Látìnì náà yà wọ́n sọ́tọ̀: "dicit eum ire" ni ti àkọ́kọ́, "dicit ut eat" ni ti èkejì. Nítorí náà, ìṣesí ìròyìn ni "amat", ìṣesí àṣẹ ni "ama!", ìṣesí àbá ni "amet". Mẹ́ta náà dọ́gba lẹ́nu, wọ́n sì rọrùn fún ọmọdé.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní àbá ti di ọ̀rọ̀ ìpàdé, pé ohun tí àwọn aṣòfin ń gbé kalẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò dí wa lọ́wọ́. Ohun tí a gbé kalẹ̀ kí ó lè ṣẹ, tí a kò tíì ròyìn pé ó ṣẹ, ni ní ilé ìgbìmọ̀, òun náà ni nínú "Fiat lux".

Ibì kan ni mo ti nílò ìrànlọ́wọ́ yín. "Si haberem, darem": bí mo bá ní in ni, ǹ bá fún ọ. "Ìbá" ló gba ipò níhìn-ín, "kí" kò wọlé. Ṣé kí a ka "ìbá" mọ́ ìṣesí àbá ní Yorùbá náà, àbí kí a yà á sọ́tọ̀ bí Donatus ṣe ya "utinam legerem" sọ́tọ̀? Èmi ń fì sí pé ká yà á sọ́tọ̀. Kí àwọn tó gbọ́ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìjẹ̀bú dáadáa sì jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ "ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ ṣubú" nílé wọn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá "má" wà níbẹ̀ lọ́dọ̀ gbogbo wa.