Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Máa Fi Ajá Ilé Kọ́ Àwọn Ọmọdé ní Ẹ̀kọ́ Ìgbàgbọ́?

Olùkọ́ Ọmọdé, Ìbàdàn:

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi nínú ìjọ wa, ajá sì wà nínú ilé mi. Nígbà tí a ń ka Sáàmù 123, níbi tí onísáàmù ti sọ pé bí ojú ìránṣẹ́ ti ń wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni ojú àwa náà ń wo Olúwa, mo sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n kíyè sí ajá nígbà tí olówó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ dání: ibi tí ọwọ́ náà bá yà sí ni ojú rẹ̀ ń yà sí, kò sì ní mú un kúrò títí oúnjẹ yóò fi kan ilẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà yé wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà kan nínú ìjọ gbọ́, wọ́n sì pè mí sí kọ̀rọ̀ láti sọ pé kò yẹ kí a fi ajá ṣe àpẹẹrẹ onígbàgbọ́, níwọ̀n ìgbà tí Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ fún àwọn ará Fílípì pé kí wọ́n ṣọ́ra fún àwọn ajá, tí Ìfihàn 22:15 sì ka ajá mọ́ àwọn oṣó, àwọn àgbèrè àti àwọn apànìyàn tí yóò wà lóde ìlú mímọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá náà gidigidi, n kò sì fẹ́ fi àìmọ̀kan dá wọn lóhùn. Kí ni ẹ̀yin rí sí ọ̀rọ̀ yìí? Bí ẹ̀kọ́ bá wà lára ajá lóòótọ́, èwo ni Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ gbè lẹ́yìn?

Alàgbà, Òṣogbo:

Arábìnrin, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Òótọ́ ni àwọn ẹsẹ tí bàbá yẹn tọ́ka sí, a kò sì gbọ́dọ̀ fò wọ́n. Ajá tí ó pọ̀ jù nínú Bíbélì jẹ́ ajá ìgboro tí kò ní olówó, tí ń jẹ lórí ààtàn, tí ń jẹ òkú pàápàá; àwọn ni wọ́n jẹ òkú Jésíbẹ́lì ní Jésíréẹ́lì. Irú ajá bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ka ìwé Ìfihàn nígbà náà yóò rí lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Mátíù 15. Obìnrin ará Kénáánì, láti agbègbè Tírè àti Sídónì, ń bẹ̀bẹ̀ nítorí ọmọbìnrin rẹ̀, Olúwa sì sọ fún un pé kò tọ́ kí a mú oúnjẹ àwọn ọmọ kí a sọ ọ́ fún ajá. Ohun tí obìnrin yìí fi dáhùn ni mo fẹ́ kí a wò dáadáa. Kò bínú, kò sì bá Olúwa jiyàn nípa irú ẹni tí òun jẹ́. Ó gbà pé ajá ni òun; ohun tí kò gbà ni pé ajá ìgboro ni òun. Ó ní àwọn ajá pàápàá a máa jẹ nínú èérún tó ń bọ́ láti orí tábìlì olúwa wọn. Ó ti wọ inú ilé lọ pẹ̀lú gbólóhùn kan yẹn, ó ti jókòó sábẹ́ tábìlì, ó sì ti ní Olúwa. Jésù yin ìgbàgbọ́ rẹ̀, ara ọmọ rẹ̀ sì dá ní wákàtí kan náà. Nítorí náà, bí ajá kan bá wà lóde ìlú, tí òmíràn sì wà lábẹ́ tábìlì, níní olúwa ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀. Mo gbà pé ẹ lè fi ìyẹn dá bàbá lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín ka orí náà.

Ọmọ Ìjọ Àgùdà:

Nínú Bíbélì tí àwa Kátólíìkì ń kà, ajá kan wà tí kò ṣe ohun búburú kankan. Nígbà tí Tóbíásì gbéra ìrìn àjò lọ sí Mídíà pẹ̀lú áńgẹ́lì Ráfáẹ́lì, tí kò mọ̀ pé áńgẹ́lì ni, ajá rẹ̀ tẹ̀ lé wọn lọ, ó sì tún wà lẹ́yìn wọn nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé. Ìwé Tóbítì kò sọ ohun mìíràn nípa rẹ̀ ju pé ó tẹ̀ lé wọn. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni Ọlọ́run kò fún wa ní iṣẹ́ tó ju pé kí a máa tẹ̀ lé e lọ.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta:

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Orí tábìlì tí mo ti ń gún ajá ní abẹ́rẹ́ ni mo ti rí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ jù lọ. Bí ọmọ ajá bá ti pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ó yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà àrùn dìgbòlugi, nítorí pé bí àmì àrùn náà bá ti hàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tó mú tó yè é. Ajá kò mọ èyíkéyìí nínú èyí. Ara ń ta á, àjèjì ni mí sí i, òórùn oògùn ń dẹ́rù bà á. Síbẹ̀, bí olówó rẹ̀ bá dúró tì í, púpọ̀ nínú wọn a ki orí bọ abíyá ẹni náà gan-an tó mú wọn wá síbi ìrora. Kò sí ẹni tó lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó sá bá. Jésù sọ fún Pétérù pé ohun tí òun ń ṣe kò yé e nísinsìnyí, ṣùgbọ́n yóò yé e níkẹyìn. Ẹni tí ọ̀fọ̀ tàbí àìsàn bá kàn mọ bí ó ti ṣòro tó láti sá tọ Ọlọ́run tí kò tíì sọ ìdí.

Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ yìí ní òpin. Ajá yóò kú láìmọ ìdí tí a fi gún un, àwa ni Olúwa sọ fún nínú Jòhánù 15:15 pé òun kò pè wá ní ẹrú mọ́, bí kò ṣe ọ̀rẹ́, nítorí pé òun ti fi ohun tí òun gbọ́ lọ́dọ̀ Baba hàn wá.

Ẹ ka Òwe 12:10 fún àwọn ọmọ náà pẹ̀lú, pé olódodo a máa tọ́jú ẹ̀mí ẹran rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan ajá tí wọn kò mọ̀. Bí ajá bá gé ọmọ kan jẹ, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.