Ta ló lè ràn mí lọ́wọ́ lórí ìran àwọn ọmọbìnrin Baring?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwádìí ìdílé. Mo ń tọpa ìran Francis Baring, ẹni tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ John dá ilé ìṣòwò tó wá di báńkì Barings sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1762. Ti àwọn ọmọkùnrin kò ṣòro, nítorí pé ìwé oyè Ashburton, Northbrook àti Cromer kà wọ́n láti orí baba dé orí ọmọ.

Ti àwọn obìnrin ló dojú rú. Dorothy, ọmọ Francis, fẹ́ Pierre César Labouchère, Henry ọmọ wọn, tó jẹ oyè Taunton ní 1859, sì fẹ́ Frances, ọmọ Thomas tí òun àti Dorothy jọ jẹ́ ọmọ Francis (èèwọ̀ lọ́dọ̀ tiwa!). Obìnrin mẹ́ta ni Frances bí fún un, nítorí náà oyè náà parẹ́ nígbà tí Henry kú ní 1869. Nínú ìwé mi, abẹ́ orúkọ àwọn mẹ́ta yìí ṣófo.

Ṣé inú ìwé ìpíngún ni kí n kọ́kọ́ wò ni, àbí inú ìwé ìkànìyàn ọdún 1871? Ẹni tó bá ti tọ ìlà obìnrin rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà. N kò bèèrè orúkọ ẹni tó wà láàyè.