Kí la ó máa pe orúkọ ẹja tí gbogbo ayé jọ ń pè?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹ̀gbọ́n wa kan béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé báwo la ṣe lè sọ ọ́ ní Yorùbá pé ẹnìkan ń wá ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ nípa ẹja àti ohun abẹ̀mí inú omi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àbá táwọn fúnra wọn mú wá ni pé ẹni náà ń wá "lítíréṣọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa ìsìn ẹja àti ẹ̀dá òkun". Mo ka àbá náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí mo ní fún wọn, mi ò lè gbà á bó ṣe wà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú "ìsìn ẹja". Lóòótọ́, a máa ń sọ pé ẹnìkan ń sin ẹja bí a ṣe ń sọ pé ó ń sin adìẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ohùn ọ̀rọ̀ ìṣe náà. Olóhùn ìsàlẹ̀ ni "sìn"; bí a bá sọ pé "mo sìn ín", etí á gbọ́ ọ. Tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá ti tẹ̀ lé e, ohùn yẹn á gòkè sí àárín, á di "sin ẹja". Ibẹ̀ ló ti pàdé "sin Ọlọ́run", tó sì tún pàdé "sin òkú". Nínú gbólóhùn, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ wá sọ ọ́ di "ìsìn" báyìí, ilé Ọlọ́run ni ọkàn gbogbo wa ń lọ. Bí ẹnìkan bá gbé pátákó síta ní Adó níbí, tó kọ "Ilé Ìsìn Ẹja" sí i, irú ìjọ tó jẹ́ làwọn èèyàn máa béèrè. Èdè wa sì ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: ẹran ọ̀sìn, adìẹ ọ̀sìn. Ọ̀sìn ẹja ni. Àwọn tó ń ṣe é gan-an, ohun tí wọ́n ń pè é nìyẹn.

Ibi kan ṣoṣo ni "ọ̀sìn ẹja" ti kúrú. Iṣẹ́ tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ń kà mọ́ ọn ju ẹja lọ: edé wà níbẹ̀, ìṣáwùrú wà níbẹ̀, ewéko inú omi náà wà níbẹ̀. A kì í sin ewéko, gbígbìn là ń gbìn ín. Tó bá jẹ́ odidi iṣẹ́ náà là ń sọ, "ọ̀sìn àti ọ̀gbìn inú omi" ni èmi yóò kọ.

"Ẹ̀dá òkun" kò pé rárá. Èkìtì kò bá òkun pààlà níbì kankan. Odò, adágún, àti dáàmù bí èyí tó wà ní Ìkùn la mọ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ "ohun abẹ̀mí inú omi", kí omi tiwa náà lè wà nínú rẹ̀.

Ní ti "lítíréṣọ̀", àwọn olùkọ́ wa ti fi kọ́ wa pé ìtàn àròsọ, eré onítàn àti ewì ni. Ọmọ tí a bá ní kó lọ wá lítíréṣọ̀ nípa ẹja, àlọ́ ló máa mú wá. "Àkọsílẹ̀ ìwádìí" ló bá a mu. Àlàyé kúkúrú tó máa ń wà lókè àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń kọ iṣẹ́ oyè ní ẹ̀ka Yorùbá ti ń pè é ní "àṣamọ̀". Kò sídìí tí a ó fi wá òmíràn. Ibi tí wọ́n kó wọn jọ sí, mo fara mọ́ ẹni tó dá "àká" lábàá, nítorí inú àká la ń kó irè pa mọ́ sí. ASFA, tí FAO ti ń tọ́jú láti 1971, àká àṣamọ̀ ni. Ní ti AquaDocs, àká mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, odidi iṣẹ́ lèèyàn lè rí kà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a nílò jù, ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà á. Àbúrò mi ní Ìkẹ́rẹ́ ń sin ẹja àrọ̀ nínú odò kọnkéré tí wọ́n mọ sẹ́yìnkùlé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó rí i pé àwọn ńlá ń gbé àwọn kéékèèké mì. Ó fẹ́ mọ ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa rẹ̀. Ó tẹ "aro" sórí fóònù, láìsí àmì kankan. Aró tí a fi ń pa aṣọ láró jáde, arọ náà jáde, àrọ̀ kò jáde. Ó wá tẹ orúkọ tí Òyìnbó ń pè é, "catfish", ó sì rí àìmọye ìwé. Ó ti ń kà á lọ kó tó yé e pé ẹja Amẹ́ríkà ni wọ́n ń sọ, èyí tí ìdílé rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àrọ̀ wa, àmọ́ tí Òyìnbó pa wọ́n pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan nítorí irùngbọ̀n ẹnu wọn. Ìgbà tí mo ní kó tẹ "Clarias gariepinus", orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe àrọ̀, sínú àmì àyọlò ni ohun tó ń wá tó yọjú: kó máa ṣa wọ́n ní ìwọ̀n-n-ìwọ̀n, kó má kó wọn pọ̀ jù, kó má sì jẹ́ kí ebi pa wọ́n.

Orúkọ onípele méjì yẹn, kí la ó máa pè é? "Orúkọ Látìn" kò tọ́, nítorí Gíríìkì ni "Clarias" ti wá, orúkọ odò Gariep ní Gúúsù Áfíríkà ló sì wà nínú "gariepinus". Burchell, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, ló fún un ní "gariepinus" yẹn ní 1822. Bí olùkọ́ ṣe ń pè wá nínú rẹ́jísítà ló ṣe rí: orúkọ ìdílé ṣáájú, tẹni fúnra ẹni tẹ̀ lé e. Àbá tèmi ni "orúkọ àjùmọ̀pè". Ẹni tó wà ní Íjíbítì, ẹni tó wà ní Ṣáínà, èmi tí mo wà ní Adó, àwa gbogbo la jọ ń pè é bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè sọ pé àjùmọ̀pè jọ orúkọ tí gbogbo ará ọjà ń pè é. Rárá o. Orúkọ ọjà ń yí padà láti ìlú dé ìlú. "Orúkọ àdúgbò" ni ká máa pe ìyẹn. Ìṣòro tó wà nínú tèmi yàtọ̀: orúkọ àjùmọ̀pè náà a máa yí padà. Àrọ̀ yìí kan náà, "Clarias lazera" làwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa ń kọ tẹ́lẹ̀, kí iṣẹ́ Teugels, onímọ̀ nípa ẹja, ní àwọn ọdún 1980 tó fi hàn pé ẹja kan náà ni. Tìlápíà ti jẹ́ "Tilapia nilotica", ó jẹ́ "Sarotherodon niloticus", kó tó di "Oreochromis niloticus". Ẹni tí kò bá tẹ orúkọ àtijọ́ mọ́ tuntun, iṣẹ́ àwọn tó ti ṣáájú máa fò ó. Mo ń pe ìyẹn ní "orúkọ àjùmọ̀pè àná". Bí ẹnìkan bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, màá gbà á tayọ̀tayọ̀.

FishBase, àká ìmọ̀ nípa ẹja lórí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń to orúkọ àdúgbò ní onírúurú èdè mọ́ orúkọ àjùmọ̀pè ẹja kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí tiwa pé síbẹ̀, kó sì ní àmì ohùn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ti Adó àti Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìkùn, Ìkọ̀lé àti Ẹ̀fọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ wo lẹ ń pe àwọn ẹja odò yín?