Bẹ́árìn ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ mi ń gbóná

Onígààrí, Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi, bẹ́árìn ẹ̀rọ tí mo fi ń rin ẹ̀gẹ́ (irin róbótó tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀) tún ti jẹ, ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé lọ́dún yìí. Àràárọ̀ ni mò ń ki gíríìsì sí i títí á fi tú jáde, síbẹ̀ ọwọ́ ò ṣeé fi kàn án. Ó sú mi!

Mẹkáníìkì, Ṣágámù: Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Àpọ̀jù gíríìsì náà ń dá kún ooru yẹn: bẹ́árìn á kàn máa pò ó ṣáá ni. Kó má ju ìdajì àyè inú ilé rẹ̀ lọ.

Arinṣẹ́, Òde-Rẹ́mọ: Àwọ̀ wo ni gíríìsì tó ń tú jáde ní, Mà? Bó bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ẹ̀gẹ́ ti wọ̀ ọ́, ìpẹtà dé nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ síìlì tí kì í jẹ́ kí omi wọ bẹ́árìn.

Onígààrí: Ó funfun! Mo ṣe bí ìyẹ̀fun ni.