Inú tó ń yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́: ṣé kí n lọ rí dókítà onímọ̀ nípa inú àti ìfun?

Ìbéèrè

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí inú ti ń yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá jẹun tán, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo jẹ, òkè inú mi á kún, á sì máa dùn mí; nígbà mìíràn, àyà á máa ta mí títí dé ọ̀nà ọ̀fun. Dókítà tí mo máa ń rí fún gbogbo àìsàn fún mi ní omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù. Ara tù mí nígbà tí mo ń lò ó, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo dá a dúró tí gbogbo rẹ̀ fi padà. Mo ń rò ó pé kí n sọ fún un pé kó fi ìwé rán mi lọ sọ́dọ̀ dókítà tó jẹ́ pé inú àti ìfun nìkan ló ń tọ́jú, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, nítorí pé n kò rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, n kò sì dùbúlẹ̀ àìsàn. Àwọn ará ilé mi tilẹ̀ ń sọ pé inú ta ni kì í run. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló yẹ kí n wò kí n tó pinnu?

Èsì kìíní

Ẹ kú ara líle. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fi kámẹ́rà wo inú ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe bó ṣe pẹ́ tó nìkan la máa ń wò, ohun tó bá a rìn ló ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá ń rù láìjẹ́ pé ẹ dín oúnjẹ kù, bí oúnjẹ bá ń há yín lọ́fun, bí èébì kò bá dáwọ́ dúró, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ yín kò tó, tàbí bí òbí tàbí ọmọ ìyá yín bá ti ní àrùn jẹjẹrẹ inú rí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró. Ọjọ́ orí náà ní ipa tirẹ̀: ìlànà tí àwọn dókítà inú ní Amẹ́ríkà àti Kánádà jọ gbé jáde ní 2017 dábàá pé kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ẹni tó bá ti pé ọmọ 60 ọdún tí irú nǹkan yìí ń ṣe.

Ẹ ní ẹ kò rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti òkè inú wá kì í sábà pupa mọ́ kó tó jáde. Dúdú ni ìgbẹ́ náà máa ń jẹ́, á máa dán, á sì lẹ̀ bí ọ̀dà, òórùn rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbàgbé. Àmọ́ bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, ìyẹn oògùn tó ní èròjà irin tí wọ́n ń fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ìgbẹ́ lè dúdú lásán.

Èsì kejì

Mo gbà pẹ̀lú nọ́ọ̀sì wa, ṣùgbọ́n n kò rò pé dókítà àgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn. Dókítà yín fúnra rẹ̀ lè ṣe àyẹ̀wò kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Helicobacter pylori, nípa èémí tàbí nípa ìgbẹ́. Barry Marshall àti Robin Warren, àwọn ará Ọsirélíà tó fi hàn pé kòkòrò yìí wà nídìí ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Kí iṣẹ́ wọn tó fìdí múlẹ̀, àròjù ni wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ni pé omeprazole lè mú kí àyẹ̀wò náà sọ pé kòkòrò kò sí nígbà tó wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ènìyàn dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú, kó sì ti tó ọ̀sẹ̀ 4 tó ti lo oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn kẹ́yìn. Ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó dá ohunkóhun dúró.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ẹ dárúkọ ló mú mi padà wá. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò gbẹ̀yìn, wọ́n ní ó lọ sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì fún mi lóògùn ẹ̀jẹ̀, n kò sì kà á sí ọ̀rọ̀ inú rárá. Ìgbẹ́ mi dúdú díẹ̀ láti ìgbà náà, kò lẹ̀. Nǹkan mìíràn tún ni pé orúnkún ń dùn mí, mo sì máa ń lo ibuprofen sí i lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀. N kò sọ fún dókítà, nítorí pé mo fúnra mi rà á ni.

Èsì kìíní

Háà! Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ibuprofen máa ń dín èròjà tó ń dáàbò bo ara inú kù, ó sì lè dá ọgbẹ́ sínú tí á máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora rárá. Níwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ yín kò ti tó, tí oògùn ẹ̀jẹ̀ sì ti yí àwọ̀ ìgbẹ́ yín padà, ojú lásán kò lè fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ pe dókítà yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ ibuprofen àti ti ẹ̀jẹ̀ pa pọ̀, kí ẹ sì bi í ní tààrà bóyá kò tíì tó àkókò láti fi kámẹ́rà wo inú yín. Ẹ béèrè oògùn mìíràn fún orúnkún náà pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé aspirin tí dókítà fún yín nítorí ọkàn wà lára ohun tí ẹ ń lò, ẹ má ṣe dá ìyẹn dúró fúnra yín.

Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ bá dúdú tó sì ń lẹ̀, bí ẹ bá bì ẹ̀jẹ̀, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ yín tí ẹ bá dìde, ẹ má dúró de ìwé kankan; ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Èsì kẹta

Bó bá jẹ́ kámẹ́rà ló ń bà yín lẹ́rù, wọ́n ti fi wo inú tèmi rí. Wọ́n ní kí n má jẹun fún wákàtí bíi mélòó kan ṣáájú, wọ́n fín oògùn sí mi lọ́fun kó lè kú tipiri, iṣẹ́ náà gan-an kò sì pẹ́. Ọ̀fun dùn mí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá máa fún yín lóògùn oorun, ẹ mú ẹni tí yóò sìn yín délé dání, nítorí pé wọn kò ní jẹ́ kí ẹ wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.